Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí gbígba ọmọ sọ dọmọ ní Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀

Iṣẹ́ wẹ́líféà, ìyẹn iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ire ọmọdé àti ìdílé, ni mo ṣe jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì sí Iléṣà. Títí dòní, àwọn ènìyàn ṣì ń wá bá mi nílé, lálẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí wọn ò fẹ́ kí aládùúgbò mọ ohun tí wọ́n wá béèrè. Àwọn ìbéèrè wọn ni mo kó jọ síbí. Òfin tí mò ń tọ́ka sí ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì ṣe tirẹ̀ lé e lórí lọ́dún 2007. Bí ẹ ò bá ráyè ka gbogbo rẹ̀, ẹ ka èyí tó dá lórí owó àti èyí tó dá lórí ogún.

Ọmọ àbúrò mi ti ń gbé lọ́dọ̀ mi láti kékeré. Ṣé mi ò ti sọ ọ́ dọmọ nìyẹn?

Rárá o. Ohun tí ẹ ń ṣe dáa, ilé Yorùbá sì ti ń ṣe é kí òyìnbó tó dé: ọmọ àbúrò, ọmọ ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọ̀rẹ́ tó kú, a kó gbogbo wọn pọ̀, a ń tọ́ wọn. Ṣùgbọ́n lójú òfin, àbúrò yín ṣì ni òbí ọmọ náà. Bó bá dé láti Èkó lọ́la, tó ní òun fẹ́ gbé ọmọ òun lọ, kò sí ìwé kankan tí ẹ lè nà sí i. Bí ẹ bá sì kú, ẹni tí ẹ tọ́ ni, kì í ṣe àrólé yín.

Kóòtù ló ń sọ ọmọ ẹlòmíràn di ọmọ ẹni. Ọjọ́ tí adájọ́ bá fọwọ́ sí i ni ẹ̀tọ́ àti ojúṣe òbí kúrò lọ́rùn ẹni tó bí ọmọ, tó bọ́ sí ọrùn yín, bí ìgbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ bí i nínú ìgbéyàwó yín.

Ìyẹn ò wá ní kí ẹ kó gbogbo ọmọ tó wà nílé yín lọ sí kóòtù. Bí òbí rẹ̀ bá wà láàyè, tí ẹ jọ ń sọ̀rọ̀, tí ọmọ mọ̀ wọ́n, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ta ni òfin gbà láyè?

Tọkọtaya tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti pé ọmọ ọdún 25 lè jọ bẹ̀bẹ̀. Ọkọ nìkan tàbí aya nìkan náà lè bẹ̀bẹ̀, bí ẹnì kejì bá ti fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ọdún 21, ó kéré tán, ju ọmọ lọ. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kó ti gbé ní ìpínlẹ̀ tó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ọdún márùn-ún, kí ọmọ náà sì wà ní ìpínlẹ̀ kan náà. Wọ́n á tún wádìí ìwà rẹ̀.

Òfin ò ní kí ẹ kọ́lé kí ẹ tó wá. Ilé àyágbé tó mọ́ tó, tó sì ní ibi tí ọmọ lè sùn, kò burú. Kò sì sọ pé ẹni tí kò bí rí nìkan ló lè gba ọmọ. Àwọn tó ti bí mẹ́ta, tí àyè ṣì wà nínú wọn fún ẹ̀kẹrin, mo ti rí irú wọn.

Mi ò lọ́kọ, mi ò sì fẹ́ ní. Ṣé mo lè gba ọmọ?

Ẹ lè gbà á bí ẹ bá ti pé ọmọ ọdún 35. Òfin fi kan kún un: obìnrin tó dá wà, ọmọbìnrin ni yóò gbà, ọkùnrin tó dá wà, ọmọkùnrin. Àwọn kan ń bínú sí apá yìí. Ààbò ọmọ ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é, èmi ò sì rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má lọ yá ọkọ. A ti rí i rí: arábìnrin kọ orúkọ ọkùnrin kan sínú fọ́ọ̀mù, a dé ilé, kò sí bàtà ọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà, aládùúgbò ò mọ bàbá kankan. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó rọrùn wá di irọ́ níwájú kóòtù.

Ibo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀?

Lọ́dọ̀ àwọn wẹ́líféà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Níbí, ìyẹn ni Iléṣà Ìlà-Oòrùn tàbí Iléṣà Ìwọ̀-Oòrùn. Tó bá jẹ́ Ifẹ̀ ni, Ifẹ̀ Àárín Gbùngbùn tàbí Ifẹ̀ Ìlà-Oòrùn, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ló máa júwe yín sí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọdé ní Òṣogbo, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti ń jáde. Ẹ lè gba ibẹ̀ lọ tààrà bí ẹ kò bá fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ yín ní Iléṣà rí yín. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló ń ronú bẹ́ẹ̀.

Ẹ má kọ́kọ́ lọ sí ilé àwọn ọmọ òrukàn láti lọ "wo" ọmọ. Ọmọ tí ẹ bá rí tí ọkàn yín fà sí lè jẹ́ ẹni tí ìyá rẹ̀ ń bọ̀ wá gbé. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ ló ṣeé gbà.

Ìwé wo ni wọ́n máa béèrè?

Ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, tàbí àfídáfíìtì bó bá jẹ́ ìdána lásán lẹ ṣe. Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí tàbí ìwé ìbúra ọjọ́ orí. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì méjì. Ìwé àyẹ̀wò ìlera láti ilé ìwòsàn ìjọba. Wesley Guild tó wà níbí tàbí ilé ìwòsàn OAU ní Ifẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń lò. Kóòtù lè béèrè nǹkan mìíràn lé e, bí ẹ̀rí iṣẹ́ tàbí ẹ̀rí pé owó ń wọlé.

Bí orúkọ inú ìwé ìgbéyàwó bá yàtọ̀ sí ti ìwé ìbí, ẹ tètè tún un ṣe. Nǹkan kékeré yìí ló ń dá àwọn ènìyàn dúró jù.

Wọ́n ní àwọn wẹ́líféà máa wá sílé wa. Kí ni wọ́n ń wá?

Wọn ò wá wo bí àga yín ṣe pọ̀ tó. Kóòtù ló rán wọn láti mọ̀ bóyá ọkàn ọmọ á balẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Wọ́n á wo ibi tó máa sùn, omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹni tó máa dúró tì í bí ẹ bá lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n á bá ọkọ sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, wọ́n á bá ìyàwó sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Ibẹ̀ ni àṣírí ti máa ń tú: ìyàwó ń fẹ́ ọmọ, ọkọ kàn ń gbà kí àlàáfíà lè wà. Bí ẹ bá ní ọmọ nílé tẹ́lẹ̀, wọ́n á bi àwọn náà.

Wọ́n lè béèrè yín lọ́wọ́ pásítọ̀, lọ́wọ́ lémọ̀mù, lọ́wọ́ onílé. Bí ọmọ ọ̀dọ̀ bá wà lọ́dọ̀ yín, ojú wọn á wà lára rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò nìyẹn: ṣé ọmọ yìí ń lọ sílé ìwé, ṣé ó jẹun kó tó gbé oúnjẹ wá fún mi? Ẹni tó ń na ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni ń na kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, kí ló fẹ́ fi ọmọ mìíràn ṣe?

Yóò ti pẹ́ tó?

Ẹ má retí kó tán láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Òfin ní kí ẹ ti sọ èrò yín fún wẹ́líféà ní oṣù 12, ó kéré tán, ṣáájú àṣẹ kóòtù, kí ọmọ náà sì ti gbé lọ́dọ̀ yín fún oṣù mẹ́ta gbáko láìdáwọ́ dúró kí adájọ́ tó fọwọ́ sí i. Nítorí náà, ẹ tètè lọ forúkọ sílẹ̀, bí ẹ ò tilẹ̀ tíì ṣe tán. Oṣù 12 yẹn á ti máa ka lọ.

Ọmọ ọwọ́ ni gbogbo ènìyàn ń fẹ́, ó sì dára kó jẹ́ olóṣù kan! Bí ẹ bá lè gba ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí mẹ́fà, tàbí àwọn ọmọ ìyá kan náà méjì tí kò yẹ kí a yà kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, ẹ sọ ọ́ nínú fọ́ọ̀mù. Irú wọn ń dúró pẹ́ ju ọmọ ọwọ́ lọ.

Ibo ni àwọn ọmọ yìí ti ń wá?

Àwọn kan, òbí wọn kú, ẹbí ò sì rí wọn gbé. Àwọn kan, ìyá wọn ló yọ̀ǹda wọn níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba. Àwọn kan, wọ́n gbé wọn jù sílẹ̀ ni: ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀bá ọjà. Ẹni tó bá rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ọlọ́pàá ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà wẹ́líféà. A á wá òbí rẹ̀ títí. Ìgbà tí wíwá bá já sófo ni ọ̀rọ̀ ìsọdọmọ ń bẹ̀rẹ̀.

Bí òbí bá wà tí a mọ̀ wọ́n, wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ohun tó lè mú kóòtù fo ìyẹn ni kí wọ́n ti pa ọmọ tì, tàbí kí wọ́n máa fìyà jẹ ẹ́ léraléra.

Ẹ̀yin tí ẹ rí ọmọ he, tí ẹ gbà pé Ọlọ́run ló gbé e wá bá yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ sọ níbẹ̀ pé ẹ fẹ́ gbà á. Wọ́n á kọ orúkọ yín sílẹ̀. Bí ẹ bá gbé e pamọ́, ẹjọ́ ọmọ jíjí gbé lè délẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ bá figbe ta.

Nọ́ọ̀sì kan ní òun lè bá wa rí ọmọ ọwọ́ láàárín oṣù méjì, kí a kàn san owó ìtọ́jú ìyá rẹ̀. Ṣé ìyẹn ò yá jù?

Ó yá. Ọmọ rírà ni.

Orúkọ tó bá wu wọn ni wọ́n lè fún owó náà: owó ìtọ́jú, owó bẹ́ẹ̀dì, owó ìdúpẹ́, owó àwọn tó ràn wá lọ́wọ́. Òfin 2003 dè é mọ́lẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ra ọmọ, ta ọmọ, tàbí fi ọmọ ṣòwò, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sì ló wà fún un. Ẹni tó rà á àti ẹni tó tà á, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú òfin. NAPTIP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti òwò ènìyàn láti ọdún 2003, ń wá irú àwọn nọ́ọ̀sì yìí àti àwọn oníbàárà wọn.

Bí ẹ ṣe máa dá wọn mọ̀ nìyí. Wọn ò fẹ́ kí wẹ́líféà gbọ́. Wọ́n á ní kí ẹ di aṣọ mọ́kùn, kí ẹ máa rìn bí aláboyún. Wọ́n á ṣe ìwé ìbí tí orúkọ yín wà gẹ́gẹ́ bí ìyá tó bí i. Wọ́n ní ìyá ọmọ ò fẹ́ rí yín, òun náà ò sì gbọ́dọ̀ mọ̀ yín. Ta ló tilẹ̀ sọ fún yín pé ó gbà? Ẹ ti gbọ́ nípa ilé tí wọ́n ń kó àwọn ọmọdébìnrin sí títí wọ́n á fi bímọ, tí wọ́n á sì gba ọmọ náà lọ́wọ́ wọn tipátipá. Ọmọ tí wọ́n gbé fún yín lálẹ́ lè ti ibẹ̀ wá.

Ẹ wo iwájú náà. Ìwé ìbí irọ́ yẹn lẹ máa fi mú un wọ ilé ìwé, lẹ máa fi gba pásípọ́ọ̀tù. Bó bá di pé ẹ fẹ́ mú un lọ sókè òkun, ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba wọn lè ní kí ẹ wá ṣe àyẹ̀wò DNA, èyí tó ń fi hàn bóyá ẹ̀yin lẹ bí i. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti máa tú.

Owó tó tọ́ kí ẹ san ni owó fọ́ọ̀mù, owó ìbúra ní kóòtù, owó àyẹ̀wò nílé ìwòsàn, owó lọ́yà bí ẹ bá gbà á. Ẹ gba rìsíìtì. Bí ẹ bá fẹ́ ta ilé àwọn ọmọ òrukàn lọ́rẹ, ẹ ṣe é lẹ́yìn tí kóòtù bá ti parí iṣẹ́ rẹ̀, kó má baà dà bí ìyọwó ọjà.

Àyẹ̀wò wo ló yẹ kí a ṣe fún ọmọ náà?

Jẹ́nótáìpù, kòkòrò HIV, mẹ́dọ̀wú, ojú, etí. Ẹ rántí pé àyẹ̀wò ọmọ ọwọ́ ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, jẹ́nótáìpù rẹ̀ lè má hàn kedere, nítorí ẹ̀jẹ̀ inú oyún ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n á tún un yẹ̀ wò tó bá dàgbà díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni HIV: àyẹ̀wò lásán tí wọ́n ń ṣe fún àgbàlagbà lè mú èròjà ajàkòkòrò tó ti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá wá sára ọmọ títí di oṣù 18, kó jẹ́ pé ọmọ fúnra rẹ̀ ò ní in. Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò ti ọmọ ọwọ́, tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ má gbé ọmọ padà nítorí ìwé àyẹ̀wò kan ṣoṣo.

Ẹ béèrè káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Bí kò bá sí, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé máa mọ ibi tí wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ṣé mo lè fún un lọ́mú?

Obìnrin tí kò bímọ lè ní omi ọyàn bí ọmọ bá ń fa ọmú náà lemọ́lemọ́, tàbí tó bá ń fi ẹ̀rọ fà á. Ó lè má tó ọmọ yó, torí náà wàrà àgolo gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì lo àgbo fún un.

Ìyá ọkọ mi ní àwọn ò lè gba ọmọ tí àwọn ò mọ ìdí ẹ̀ sínú ilé. Kí ni kí n ṣe?

Ọkọ yín ló yẹ kó bá màmá rẹ̀ sọ ọ́. Bí ẹ̀yin ìyàwó bá gbé e sórí, "àgàn tó fẹ́ gbé ọmọ ọ̀nà wọlé" lẹ máa di. Kí ọkọ lọ bá wọn nílé, kó jókòó sílẹ̀, kó sọ fún wọn pé òun ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tí màmá ń bọ̀wọ̀ fún, kó mú wọn dání. Kó tún jẹ́ ṣáájú kí ọmọ tó dé, kì í ṣe lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ.

Ìbẹ̀rù wọn máa ń jẹ́ méjì. Èkíní, àìsàn tàbí ìwà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ fi ìwé dókítà hàn wọ́n; ní ti ìwà, ẹ ní kí wọ́n wo agboolé wọn yíká, kí wọ́n sọ bóyá gbogbo ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ ló dáa. Mo mọ̀ pé ìyàwó ò lè sọ èyí, àmọ́ ọmọ wọn lè sọ ọ́. Èkejì ni ilẹ̀ ẹbí, èyí tí kì í jáde lẹ́nu wọn. Mo ti sọ ọ́ nísàlẹ̀.

Ìbéèrè tí àwọn ìyá àgbà ń bi mí jù ni pé: oríkì ta ni a ó máa kì í? Ti ilé yín ni. Orúkọ tí ẹ bá sọ ọ́ nínú agboolé ló ń jẹ́. Ẹ fún un ní orúkọ oríkì náà, Àdùkẹ́ tàbí Àkànní, kó jẹ́ ìyá ọkọ ló máa yàn án bó bá ṣeé ṣe. Orúkọ àmútọ̀runwá ni ẹ má fi tipátipá fún un: ta ló rí i nígbà tí wọ́n bí i tó fi máa jẹ́ Òjó tàbí Àìná? Ti Dàda yàtọ̀, ó wà lórí ọmọ níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i.

Bàbá ọkọ mi ní Ilé-Ifẹ̀ ní àwọn fẹ́ dá Ifá àkọsẹ̀jayé fún un. Ṣé wẹ́líféà ò ní bínú?

Kí ni wẹ́líféà fẹ́ bínú sí? Ẹ jẹ́ kí Bàbá dá Ifá wọn. Inú mi tilẹ̀ máa ń dùn bí mo bá gbọ́ ọ, torí ẹni tí ń dá Ifá fún ọmọ ti gbà á wọlé. Ohun kan ni kí ẹ bẹ̀ wọ́n: kí wọ́n má sín gbẹ́rẹ́ fún un, kí wọ́n má sì kọ ilà. Òfin 2003 ní kí ẹnikẹ́ni má fi àmì sára ọmọdé. Bí wẹ́líféà bá dé kí kóòtù tó fọwọ́ sí i, tó sì bá gbẹ́rẹ́ tútù lọ́rùn ọwọ́ ọmọ, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé.

Ṣé mi ò lè ṣe bí ẹni lóyún, kí ẹnu ayé lè dákẹ́?

Ẹ má ṣe é. Mo mọ ẹnu ayé, inú rẹ̀ ni mo dàgbà sí. Ṣùgbọ́n oyún irọ́ máa ń bí irọ́ ìkọmọ, irọ́ ìwé ìbí, irọ́ fún dókítà tó béèrè àìsàn ìdílé. Ẹni mẹ́ta ló mọ̀ lónìí. Tí ìjà bá dé, ọ̀kan nínú wọn á sọ ọ́ lójú agbo.

Tí mo bá kú, ṣé ọmọ tí mo gbà máa jogún mi?

Bí àṣẹ kóòtù bá wà, bẹ́ẹ̀ ni. Lójú òfin, ọmọ yín ni, ó jogún yín gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí ẹ bí, kò sì ní í jogún àwọn tó bí i mọ́. Bí kò bá sí àṣẹ, ẹbí lè sọ pé àlejò ni, kó sì di ẹjọ́ tí kò tètè tán.

Kí ẹ mọ bí ogún pípín ilẹ̀ Yorùbá ṣe ń lọ kí ẹ lè rí ibi tí wàhálà ti ń wá. Bí ọkùnrin tó fẹ́ ìyàwó púpọ̀ bá kú láìkọ ìwé ìpíngún, ìdí-igi ni àṣà tó gbilẹ̀: a ó ka iye ìyàwó tó bímọ, a ó pín ogún sí iye wọn, ìdí kọ̀ọ̀kan á sì pín tirẹ̀ láàárín ara wọn. Bí ẹbí bá ń jà lórí ìyẹn, olórí ẹbí lè ní kí a pín in ní orí-ò-jorí, kí olúkúlùkù ọmọ gba dọ́gba. Ẹjọ́ Dáwódù àti Dáńmọ́lé ló fi ẹsẹ̀ èyí múlẹ̀, tó gorí òkè títí dé Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1962. Ẹ wá wo obìnrin tí kò bí, tó gba ọmọ: láìsí ọmọ yẹn, kò ní ìdí. Bó ti gba ọmọ ni ìdí tuntun yọ, ìpín ìdí yòókù sì dín kù. Ohun tí wọ́n ń jà fún nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀.

Nítorí náà, nǹkan méjì. Kí àṣẹ kóòtù wà lọ́wọ́ ìyá, kó wà lọ́wọ́ bàbá, kí ẹ̀dà rẹ̀ kan wà lọ́dọ̀ lọ́yà. Kí ọkọ kọ ìwé ìpíngún, èyí tí lọ́yà ń pè ní wíìlì, kó dárúkọ ọmọ náà gan-an, kó sọ oko kòkó tó jẹ́ tirẹ̀ àti ilé tó jẹ́ tirẹ̀. Ilẹ̀ ẹbí yàtọ̀, kì í ṣe tirẹ̀ láti fi sínú wíìlì. Lórí ìyẹn, ohun tó dáa ni kí olórí ẹbí wà níbi ìsọmọlórúkọ, kó gbàdúrà, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo ẹbí ṣòroó sẹ́ lọ́jọ́ iwájú.

Oyè ńkọ́?

Oyè ìdílé ní òfin tirẹ̀ àti àkọsílẹ̀ tirẹ̀, kì í ṣe ti òfin ọmọdé. Ẹ má gba ọmọ torí oyè.

Mùsùlùmí ni wá. Ààfáà wa ní ẹ̀sìn ò gba ìsọdọmọ.

Ààfáà yín ò purọ́. Àlùkùránì, Súúrà 33, ẹsẹ 5, ní kí a máa fi orúkọ bàbá wọn pe irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ̀sìn gbà, tó sì yìn, ni kí ẹ gbé ọmọ òrukàn sọ́dọ̀, kí ẹ bọ́ ọ, kí ẹ kọ́ ọ, láìpa orúkọ ìdílé rẹ̀ rẹ́. Níbi ogún, kò jogún bí ọmọ tí ẹ bí, ṣùgbọ́n ẹ lè fi ìdá kan nínú mẹ́ta dúkìá yín hágún fún un. Ní ti pé kí obìnrin máa borí níwájú ọkùnrin àjèjì, bí ìyá bá fún un lọ́mú kó tó pé ọdún méjì, ó di ọmọ ọyàn, kò sì ní í jẹ́ àjèjì nínú ilé mọ́.

Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí tí mo bá ṣiṣẹ́ gba àṣẹ kóòtù kí ọmọ lè ní ààbò, wọ́n jẹ́ kí ọmọ mọ orírun rẹ̀, wọ́n sì kọ ìdá kan nínú mẹ́ta sílẹ̀ fún un. Ẹ jókòó ti ààfáà yín kí ẹ tó lọ sí kóòtù, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbà wo ni kí n sọ fún un pé èmi kọ́ ni mo bí i?

Kí ó tó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní ọmọ ọdún méjì, ẹ sọ ọ́ bí ìtàn: "A ń wá ọ, a wá ọ títí, ọjọ́ tí a rí ọ la jó." Bó bá di ọmọ ọdún márùn-ún, á béèrè inú ta ni òun ti wá. Ẹ sọ pé inú obìnrin mìíràn. Kò ní sunkún. Àwọn tó ń sunkún ni àwọn tó gbọ́ ọ ní ọmọ ọdún 16 lẹ́nu ìyàwó bùrọ̀dá bàbá wọn.

Iléṣà kì í ṣe ìlú tí ọ̀rọ̀ ti ń sá pamọ́. Ẹni tó mọ̀ yín wà ní ọjà Atákúnmọ́sà, ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó wà níbi ìnáwó. Bí ọmọ bá ti mọ̀ látilẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fi halẹ̀ mọ́ ọn, tàbí mọ́ yín. Àwọn kan ń sọ pé ọmọ á sá lọ bó bá mọ̀. Lójú tèmi, irọ́ ló ń lé ọmọ jáde nílé.

Ẹ má sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ń bínú sí i, láéláé.

Ṣé ó lè wá ìyá tó bí i tó bá dàgbà?

Kóòtù ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn ọmọ tí a sọ dọmọ, ibẹ̀ ni a ti ń yọ ìwé ẹ̀rí ọmọ náà. Àkọsílẹ̀ tó so ìyẹn mọ́ ìbí rẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè kàn wọlé wá kà. Kóòtù ló ń pàṣẹ kí a ṣí i. Bó bá sọ pé òun fẹ́ wá a, ẹ tẹ̀lé e lọ. Ojú mẹ́rin ló ń bímọ, igba ojú ní í tọ́ ọ. Ojú mẹ́rin àkọ́kọ́ yẹn kò gba ipò yín.

Ọmọ tí mo bí àti ọmọ tí mo gbà, ṣé wọ́n lè fẹ́ ara wọn?

Òfin ò gbà á. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó gba ọmọ ò lè fẹ́ ẹ.

Lọ́ńdọ̀nù ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ṣé a lè wá gba ọmọ nílé ká mú un padà?

Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin gbọ́dọ̀ ti gbé ní ìpínlẹ̀ yìí fún ọdún márùn-ún bí òfin ṣe wí, Nàìjíríà kò sì sí nínú àdéhùn Hague lórí ìsọdọmọ láàárín orílẹ̀-èdè. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi Nàìjíríà sínú àwọn ìlú tí wọ́n fòfin dè lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 2021. Lọ́yà tó mọ òfin ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rí, ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Láti fi ìwé ẹbí mú ọmọ wọlé, kóòtù gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́ dọmọ kó tó pé ọmọ ọdún 16, kí ẹ sì ti jọ gbé pọ̀ fún ọdún méjì, kó sì ti wà ní ìkáwọ́ yín lójú òfin fún ọdún méjì. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun á fi oṣù mẹ́ta parí gbogbo rẹ̀, ẹ padà lọ ka ìbéèrè tó dá lórí nọ́ọ̀sì.

Ọmọ náà ti wà lọ́dọ̀ mi fún ọdún mẹ́fà. Wọ́n kàn gbé e fún mi ni, kò sí ìwé kankan. Ẹ̀rù ń bà mí láti lọ sí wẹ́líféà.

Mo mọ̀. Ẹ̀rù pé wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ló mú yín dákẹ́. Ṣùgbọ́n yóò wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, yóò gba pásípọ́ọ̀tù, ẹ̀yin náà ò sì ní í pẹ́ láyé títí. Ẹ kọ́kọ́ rí lọ́yà, kí ẹ sọ òtítọ́ fún un láìfi nǹkan kan pamọ́: ẹni tó gbé e fún yín, bóyá owó yí ọwọ́, bóyá ìwé ìbí kan wà. Bí ìyá rẹ̀ bá ṣì ṣeé rí, ìfọwọ́sí rẹ̀ máa mú ọ̀nà kúrú. Kóòtù á wo ire ọmọ náà ṣáájú ohun gbogbo, ọdún mẹ́fà tó ti fi pè yín ní ìyá kì í ṣe nǹkan kékeré níwájú adájọ́.

Ẹ kó káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀, ìwé ilé ìwé rẹ̀, rìsíìtì owó ilé ìwé, àti fọ́tò rẹ̀ láti ìgbà tó dé. Kí ẹni méjì tó mọ̀ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ yín múra láti wá búra. Bí lọ́yà bá ti ní ó yá, kí ẹ jọ lọ sí wẹ́líféà ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kí èrò tó pọ̀.